Ìṣẹ́jú Mẹ́tàdínlógún Lórí Àwo

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì wọ inú egungun ẹ? Èmi wà láàyè, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn, mi ò sì ní purọ́ fún ẹ pé ó dùn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ, àǹtí ẹ tó pọ̀n ẹ́ dàgbà, ti fi àgádágodo tuntun sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa. Mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo kó aṣọ oníbàárà mẹ́ta dání, kọ́kọ́rọ́ mi ò wọlé. Mo dúró síta bí ẹni tó wá tọrọ omi mu. Nígbà tí mo bi í, ó ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò òun ni, ohun ìní ẹbí ni, òun fẹ́ gbé e fún ẹnì kan tó ń ta fóònù. Ọgbọ̀n ọdún ni èmi àti bàbá ẹ fi jókòó síbẹ̀, ẹ̀rọ kọjú sí ẹ̀rọ.

Mo rán an létí ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ lọ́jọ́ tí ẹbí jókòó lẹ́yìn ikú bàbá ẹ. Ó wò mí lójú kòrókòró, ó ní òun ò sọ nǹkan kan. Ìwọ ò sí nílé lọ́jọ́ yẹn, ìdánwò lò ń ṣe lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Ayàwòrán, oníbàárà wa tó máa ń ya fídíò ìgbéyàwó, ya gbogbo ìjókòó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí Bàbá Àgbà lè wá. Inú ṣọ́ọ̀bù náà gan-an la jókòó sí. Àǹtí ẹ dìde dúró, ó ní, "Ṣọ́ọ̀bù yìí, ìyàwó wa ló ni ín títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ẹni tó bá bá a dù ú, èmi ló bá jà." Ó wà níbẹ̀. Mo ti wò ó nínú fóònù mi, mi ò mọ iye ìgbà.

Mo gbé e lọ bá Bàbá Àgbà, torí àwọn ni olórí ẹbí. O mọ̀ wọ́n, láti ọdún yẹn wọn ò gbà láti wò ó nínú fóònù ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ohun tó bá wà nínú fóònù, ẹnikẹ́ni lè ṣe é, pé ohun tó bá jáde nínú tẹlifíṣọ̀n àwọn nìkan làwọn máa fi dájọ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ DVD àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń wo ìwàásù, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ládùúgbò wa, gbogbo àwọn tó ń ṣe DVD ti di alátùnṣe fóònù. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù, ọ̀rẹ́ àǹtí ẹ ni. Ṣé kí n wá kó ẹran fún kìnnìún ṣọ́ ni?

Iṣẹ́ tí ìwọ ń ṣe lọ́hùn-ún rèé. Fídíò náà wà nínú fílaṣì tó wà nínú àpò ìwé yìí, nọ́ọ̀sì àdúgbò wa tó máa ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ibí àti ọ̀dọ̀ yín ló máa gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ. Mi ò sọ ọ́ lórí fóònù torí ògiri tó wà láàárín yàrá mi àti tàǹtí ẹ ò nípọn. Tí mo bá wúkọ́, ó ń gbọ́.

Ẹbí máa jókòó níparí oṣù karùn-ún. Ṣe é kó mọ́. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù nìkan ni mo fẹ́ gbà. Mo fẹ́ kó jókòó síwájú gbogbo wọn, kó máa wo ẹnu ara rẹ̀. Mo fẹ́ kójú tì í débi pé tó bá rí mi lójú ọ̀nà, ó máa yà gba ibòmíì.

Ìyá ẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìrọ́jú. Mo wà dáadáa. Nọ́ọ̀sì gbé fílaṣì náà dé ibi iṣẹ́ mi, ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà láàárín alágbàfọ̀ àti ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Àwọn arúgbó ló máa ń wá síbẹ̀ jù. Wọ́n á gbé téèpù ìgbéyàwó wọn wá nínú àpò, wọ́n á ní ká bá àwọn fi sórí àwo káwọn tó kú. Èmi ni mò ń nu téèpù, èmi náà ni mò ń kọ ọ́ sórí àwo. Ọ̀gá mi wọ gíláàsì tó nípọn, Onígíláàsì la máa ń pè wọ́n lẹ́yìn, wọ́n sì mọ̀.

Ó dùn mí pé Àǹtí ṣe báyìí. Mi ò fẹ́ gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo wo fídíò náà lójú kọ̀ǹpútà, mo gbọ́ ohùn wọn.

Àwòrán tí Ayàwòrán yà tóbi, ó sì mọ́ gan-an. Àyè tó wà lórí àwo DVD ò tó o, ẹni tó bá fẹ́ kó o síbẹ̀ gbọ́dọ̀ fún un kó lè kéré. Onígíláàsì máa ń sọ pé bí aṣọ ni àwòrán rí: èèyàn lè gé e kúrú, kò sẹ́ni tó lè gé e gùn. Ohun tó bá ti sọnù níbi tá a ti fún un, ó sọnù nìyẹn. Torí náà mi ò fún un rárá. Mo mú apá ibi tí Àǹtí ti sọ̀rọ̀, mo dà á sórí àwo bó ṣe wà. Mo wò ó nínú ẹ̀rọ wa, ó ń dán.

Ẹ ò béèrè bí mo ṣe ń jẹun lọ́tẹ̀ yìí, kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń bi yín láti ọdún mẹ́fà, ẹ kì í dá mi lóhùn. Ṣé lóòótọ́ ni bàbá mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún mi? Bàbá tó ń pè mí ní Ọ̀gá Kékeré níwájú gbogbo oníbàárà, tí wọ́n máa ń ní kí n wá wo etí aṣọ bóyá ó tọ́, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún méje. Ẹ ní wọn ò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe gba ibí wá. Tó bá jẹ́ gbólóhùn kan péré ni wọ́n sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sí mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ẹ, ṣùgbọ́n ìkíni mi lónìí ò gùn.

Àwo ẹ dé. Mo wọ aṣọ tó dáa, mo gba ilé Bàbá Àgbà lọ. Mo ti sọ fún àǹtí ẹ pé kó wá wo nǹkan. Ó wá, ó sì mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dání. Bàbá Àgbà fi aṣọ nu àwo náà, wọ́n fi sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń dún kùù, ó bá kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé kò sí àwo nínú òun. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún fi í pa dà. Kò sí àwo. A ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Àǹtí ẹ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé òfìfo lẹ pè mí wá wò?" Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní bóyá àwo oúnjẹ lọmọ mi fi ránṣẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí dé ojú títì. Mi ò sunkún. Mo fi sínú.

Bàbá Àgbà ní ohun kan sí i: wọ́n ní kò gbọdọ̀ jẹ́ apá kan, pé gbogbo ìjókòó náà làwọn fẹ́ wò láti orí dé ìdí, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé a gé nǹkan kan kúrò. Tún un ṣe kíákíá. O ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, má fi dójú tì mí.

Ní ti ọ̀rọ̀ bàbá ẹ, òkú ò lè dìde wá sọ̀rọ̀. Gbájú mọ́ èyí tó wà nílẹ̀.

Ìyá ẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin

Ìyá mi,

Ẹ forí jì mí. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo fẹ́ kí àwòrán mọ́ débi pé mo gbàgbé ẹ̀rọ tó máa kà á. Fáìlì lásán ni mo dà sórí àwo. Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n kà, ẹ̀rọ tuntun tó wà lọ́dọ̀ wa náà mọ̀ ọ́n kà. Ẹ̀rọ àtijọ́ bíi ti Bàbá Àgbà ò mọ̀ ọ́n, àfi kéèyàn kọ́kọ́ yí fáìlì náà pa dà sí DVD gidi. Nígbà tí mo sọ fún Onígíláàsì, wọ́n bọ́ gíláàsì wọn, wọ́n nù ún, wọ́n pa dà sídìí iṣẹ́ wọn. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Mo ti yí i pa dà. Wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ ni gbogbo ìjókòó náà, mo kó gbogbo rẹ̀ sórí àwo kan ṣoṣo bí Bàbá Àgbà ṣe fẹ́, kí wọ́n má máa pààrọ̀ àwo. Ó máa ṣiṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo lọ yá ẹ̀rọ àtijọ́ kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tún bàtà ṣe, mo fi sí i, àkọlé rẹ̀ jáde. Mi ò ráyè wò ó dé inú torí ọkùnrin náà fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Ẹ fún mi ní sùúrù díẹ̀. Mi ò bá yín ṣeré.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Ìwọ ọmọ yìí,

Àwo ẹ ṣiṣẹ́. Ó ti dáa jù. A rí gbogbo ẹbí bó ṣe gùn lọ gbọọrọ, tí orí wọn rí bí orí ẹja. Bàbá Àgbà bi mí pé ṣé ìgbà tí ebi ń pa gbogbo wa ni. Ojú gbogbo wa ti para pọ̀ bí aṣọ tó ṣí lára. Nígbà tó kan àǹtí ẹ, ohùn rẹ̀ ń dún, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí ẹnu rẹ̀ wà, àwọ̀ kan ṣáá ló ń mì níbẹ̀. Ó jókòó, ó káwọ́ gbera, ó ní, "Kì í ṣe èmi nìyẹn. Ẹ lọ wá ẹni tó ni ohùn yẹn." Bàbá Àgbà ní àwọn ò lè fi ohùn dájọ́ ẹni tójú ò rí. Wọ́n ti sún ìjókòó ẹbí sí ìparí oṣù kẹjọ.

Jẹ́ kí n bi ẹ́ ní ìbéèrè. Àwọn arúgbó tí o ò mọ̀ rí ń gbé téèpù tó ti hu olú wá fún ẹ, ó ń mọ́ lọ́wọ́ ẹ. Tìyá ẹ nìkan ló ń di ẹrẹ̀? Mo ti mọ ohun tó fà á. Torí pé ó pọ̀n ẹ́ ni. Ẹ̀yìn tó fi pọ̀n ẹ́ lò ń bá a bò. Mo bí ẹ, ó pọ̀n ẹ́, ẹni tó pọ̀n ẹ́ lo wá mú ní ìyá.

Mo ti ro ohun tí màá ṣe fún un tán. Lọ́jọ́ ìjókòó, mi ò ní wo tẹlifíṣọ̀n rárá, ojú rẹ̀ ni màá máa wò. Lẹ́yìn náà màá ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí àgádágodo yẹn, kó gbá inú ṣọ́ọ̀bù, kó nu gbogbo ẹ̀rọ, kó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà títí màá fi ní kó máa lọ. Aṣọ rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ mi tó ní kí n bá òun dín kù kí ìjà tó dé. Mo ti fi abẹ́ tú gbogbo ojú rírán rẹ̀, apá lọ́tọ̀, ọrùn lọ́tọ̀. Inú àpò ló máa gbà á, ní wẹ́wẹ́.

Mo ti bẹ Bàbá Àgbà. Wọ́n ti gbà pé ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún tí àǹtí ẹ fi dúró sọ̀rọ̀ nìkan ti tó. Ìyẹn nìkan ni kó o fi sórí àwo. Mo fẹ́ rí gbogbo ìlà tó wà lójú rẹ̀. Tí èyí náà bá tún bàjẹ́, má wulẹ̀ kọ̀wé sí mi mọ́.

Ìyá ẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Ìyá mi,

Ẹ kú ìbínú. Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pa dà síbi iṣẹ́.

Wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ lórí àwo kan ló bà á jẹ́. Mo fún un jù. Ojú tẹlifíṣọ̀n Bàbá Àgbà ò fẹ̀ tó àwòrán náà, ìyẹn ló fa gbogbo yín gùn. Mo tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Mo mú ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún yẹn nìkan, mo fi gbogbo àyè orí àwo sílẹ̀ fún un. Mo fi àlà dúdú sókè àti sísàlẹ̀ kí ara má bàa gùn mọ́. Mo ní kí ẹ̀rọ wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó kọ ọ́, mo sì jẹ́ kó rọra kọ ọ́. Onígíláàsì yọ̀ǹda tẹlifíṣọ̀n ńlá tá a fi ń han àwọn oníbàárà fún mi, mo jókòó tì í.

Ó mọ́. Mo rí òógùn lórí ètè Àǹtí. Mo rí eyín wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa sọ pé kì í ṣe wọ́n. Ohun tí ẹ ń fẹ́ ti wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Àǹtí, lápá òsì, díńgí gígùn tí àwọn oníbàárà fi ń wo aṣọ lára wọn wà níbẹ̀. Nínú fóònù yín, díńgí yẹn ò lè ju èékánná lọ. Lórí tẹlifíṣọ̀n yìí, ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Tábìlì tí bàbá mi fi ń gé aṣọ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà wà nínú rẹ̀.

Àǹtí ni gbogbo ẹbí ń wò. Ní ìṣẹ́jú kẹwàá, níbi tí wọ́n ti ń sọ pé ṣọ́ọ̀bù di tiyín títí ọlọ́jọ́ á fi dé, ẹ fa dúrọ́ọ̀ tábìlì náà jáde. Ẹ yọ àpò ìwé kan. Ẹ ka iwájú rẹ̀. Ẹ ká a sí méjì, ẹ tún un ká, ẹ fi sínú bùláòsì yín. Lẹ́yìn náà lẹ fi etí ìró nu ojú.

Ìyá mi, kí lẹ mú nínú dúrọ́ọ̀ bàbá mi? Àwo náà ti wà nínú páálí rẹ̀. Mi ò ní fi ránṣẹ́ àfi tí mo bá rí èsì yín.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo ní kó o wo ẹnu, ìwọ ń wo díńgí. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn.

Ìwọ̀n oníbàárà ni mo mú. Ìwọ náà mọ̀ pé inú àpò ìwé ni bàbá ẹ máa ń fi ìwọ̀n oníbàárà kọ̀ọ̀kan sí, tó máa fi gègé ńlá kọ orúkọ ẹni tó ni ín síwájú. Obìnrin kan ló ń yọ mí lẹ́nu lórí aṣọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, mo ní kí n mú ìwọ̀n rẹ̀ kí n má bàa gbàgbé. Ṣé olè lo wá ń pe ìyá ẹ báyìí?

Ọjọ́ ń lọ. Àǹtí ẹ ti mú ẹni tó ń ta fóònù wá wo inú ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ibi tí wọ́n máa kan pákó mọ́. Mo dúró sójú fèrèsé, mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Fi àwo náà ránṣẹ́ lọ́la. Tó o bá tún bi mí ní ìbéèrè mìíì, màá gbà pé òun ló bímọ, èmi kàn bá a gbé oyún ni.

Ìyá ẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù keje

Ìyá mi,

Mo dúpẹ́ pé ẹ dáhùn.

Mo dá àwòrán náà dúró níbi tí ẹ ti ń ka iwájú àpò ìwé náà. Díńgí máa ń yí ọ̀rọ̀ sódì, mo bá yí i kó tọ́. Gègé dúdú ńlá bàbá mi ni, bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí á fi ya ìwé. Ẹ sọ ọ́ fúnra yín pé orúkọ ẹni tó ni ín ni wọ́n máa ń kọ síwájú. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni Ọ̀gá Kékeré.

Mi ò mọ oníbàárà mìíì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ló wà nínú rẹ̀?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Mo ti kọ méjì ṣáájú èyí, mo ya wọ́n. Ó dáa. Tìẹ ni.

Ojú ewé kan ni. Bàbá ẹ ní òun fi ṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ fún ẹ, kí n máa bá ẹ bójú tó o títí wàá fi parí ìdánwò. Ó ní nínú gbogbo wa, ìwọ lọ́wọ́ ẹ mọ aṣọ gé jù. Nínú gbogbo wa. Ta ló ń rán aṣọ nígbà tí ojú bàbá ẹ ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́? Ta ló ń tú èyí tó bá rán wọ́, tó ń tún un rán kí oníbàárà tó dé, tí wọ́n á wá máa yin bàbá ẹ? Ọgbọ̀n ọdún ni, ọmọ mi. Kò dárúkọ mi nínú ojú ewé yẹn àfi ibi tó ti ní kí n máa ṣọ́ ọ bí ọlọ́dẹ.

Inú bí mi sí òkú. Èèyàn ò sì lè bá òkú jà. Mo bá gba ohun tó fún ẹ, mo ní kò fi nǹkan kan sílẹ̀, o kẹ́rù ẹ, o lọ. Láràárọ̀ tí mo bá ti ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo máa ń sọ ọ́ sókè pé, "Ẹ rí i? Èmi ni mo ṣí i." Òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó máa ń dùn mọ́ mi. Mi ò ní purọ́ fún ẹ, ó dùn mọ́ mi fún ọdún mẹ́fà.

Mi ò ya lẹ́tà náà. Ó wà nínú ìrọ̀rí mi, mo rán an mọ́ ọn. Màá fún ẹ. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ ti obìnrin yẹn ṣubú ná. Kọ̀ǹpútà lè ṣe gbogbo nǹkan, bá mi gé díńgí yẹn kúrò, kó ṣẹ́ ku ẹnu rẹ̀. Tí kò bá ṣeé gé, má fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. O ò tíì gbọ́ kí n bẹ ẹnikẹ́ni rí.

Ìyá ẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹjọ

Ìyá mi,

Mo kí yín. Ìwé yín dé, mo kà á lórí ìjókòó níbi iṣẹ́, Onígíláàsì ní kí n máa lọ sílé, mo ní rárá.

Mo gbìyànjú láti gé díńgí náà. Ẹ má sọ pé mi ò gbìyànjú. Kó tó lè kúrò, àfi kí n fa ojú Àǹtí sún mọ́ tòsí títí á fi kún gbogbo àwòrán. Bí mo ṣe fà á, ó fọ́, ẹnu wọn tún di àwọ̀ tó ń mì. Mo fi dúdú bo díńgí náà, ó wá dà bí ìgbà téèyàn na ìka sí i. Bàbá Àgbà máa béèrè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹnu Àǹtí àti ọwọ́ yín jọ wà nínú àwòrán kan náà. Tí ọ̀kan bá mọ́, èkejì gbọ́dọ̀ mọ́.

Mo bá fi èyí tó mọ́ ránṣẹ́. Mẹ́ta ni mo ṣe. Ti Bàbá Àgbà ti dé ọ̀dọ̀ wọn lánàá, nọ́ọ̀sì ló gbé e lọ fún wọn. Ti Àǹtí náà ti dé. Tiyín rèé. Mo kọ ọ́ sára gbogbo wọn: ìṣẹ́jú kẹwàá, lápá òsì. Mo sì kọ̀wé sí Bàbá Àgbà, mo sọ fún wọn pé inú ìrọ̀rí yín ni lẹ́tà bàbá mi wà.

Ẹ fẹ́ kí Àǹtí jókòó síwájú ẹbí, kí wọ́n máa wo ẹnu ara wọn. Wọ́n máa wò ó, ó tọ́ sí wọn. Ẹ̀yin náà á jókòó, ẹ ó máa wo ọwọ́ yín. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló máa bà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.

Ẹ ò béèrè irú ibi tí mò ń gbé rí. Tí mo bá na ọwọ́ méjèèjì, mo ti kan ògiri méjèèjì. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń nu ìgbéyàwó ẹni ẹlẹ́ni, mi ò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ní gbogbo ọdún yẹn, bàbá mi ni mò ń bínú sí. Mo gbà pé wọ́n gbàgbé mi. Mi ò jẹ́ kí àwòrán wọn wà nínú yàrá mi. Ẹ̀yin ń bá òkú jà, ẹ mọ ìdí tí ẹ fi ń jà. Èmi ń bá òkú tí kò ṣẹ̀ mí jà, ẹ̀yin lẹ rán mi níjà náà, ẹ sì ń kà á nínú ìwé mi, ẹ ń dákẹ́. Èyí ni mi ò lè fi jì yín.

Bàbá Àgbà ti gbà lórí fóònù pé àwọn máa já àgádágodo Àǹtí kúrò, wọ́n á fi tèmi síbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ wọn títí màá fi dé. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé láìjẹ́ pé mo gbà. Tí ẹ bá fẹ́ rán aṣọ níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí mi kí ẹ fi béèrè. Màá ka ìwé náà, màá sì dá yín lóhùn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi béèrè ọ̀rọ̀ bàbá mi lọ́wọ́ yín kí ẹ tó dáhùn, ẹ má wulẹ̀ retí èsì tèmi kí ọdún mẹ́fà tó pé.

Ọmọ yín.